Ẹ bá mi dá sí i: bíbó ọ̀dà ara gìtá oníná àti kíkùn ún ní tuntun nílé, l'Abẹ́òkúta

Onígìtá_Aké
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ra gìtá oníná àlòkù kan, irú ti Stratocaster, gìtá ilé iṣẹ́ Fender, àmọ́ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti pa rẹ́ lórí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ dáa, ọrùn rẹ̀ tọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dà pupa ara rẹ̀ ti bó káàkiri, etí rẹ̀ sì ti fọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mo fẹ́ bó gbogbo ọ̀dà náà títí màá fi kan igi, kí n wá kùn ún ní àwọ̀ aró, aró ọjà àdìrẹ Ìtòkú gan-an. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti fẹ́ ṣe é. Mo ní sándípépà, mo ní jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹnìkan sì ti ṣèlérí láti yá mi ní heat gun, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ ra òmíràn, ìyàwó mi ti sọ ìyẹn tán.

Etí_Gìtá
Fi sándípépà sílẹ̀ ná, tú gìtá náà palẹ̀. Dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rọ̀, kí o tó yọ ọ́. Síkúrúù mẹ́rin ló so ọrùn mọ́ ara. Yọ wọ́n, kí o sì gbé ọrùn síbi tí oòrùn kò ní pa á. Síkúrúù orí páálí ike tó bo iwájú kúrú ju ti ọrùn lọ, ti ẹ̀yìn tún yàtọ̀, nítorí náà kó ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú nylon tirẹ̀, kọ orúkọ sí i lára.

Kí o tó fi iná tú wáyà kankan, ya àwòrán rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tó pọ̀. Wáyà tó ń dá ènìyàn láàmú lẹ́yìn ni èyí tó lọ síbi irin tó di àwọn sípíríìnì mú lẹ́yìn gìtá. Wáyà ilẹ̀ nìyẹn. Bí o bá gbàgbé láti dá a padà, gìtá á máa kùn hùùù láàárín ìsìn, gbogbo ìjọ á sì máa wo ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ agbóhùnjáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, mọ irú ọ̀dà tó wà lára rẹ̀. Fi òwú bọ inú ásítóònù, èyí tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ (ka ara ìgò rẹ̀, òmíràn kò ní ásítóònù nínú mọ́), kí o fi lé inú ihò tí ọrùn ń jókòó sí, níbi tí ojú kò ní rí. Jẹ́ kó wà níbẹ̀ díẹ̀. Bí ọ̀dà bá rọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, lákà nitrocellulose ni. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, polyester tàbí polyurethane ni. Má ṣe fo ìgbésẹ̀ yìí, torí pé òun ló máa sọ bóyá o lè gbé iná sún mọ́ ọn.

Afínmọ́tò_Lafẹ́nwá
Ẹ jẹ́ kí n béèrè: ta ló ní kó bó o? Nínú iṣẹ́ mọ́tò tiwa, a kì í bó ọ̀dà kan irin àfi bí ìpẹtà bá ti wọ abẹ́ rẹ̀, tàbí tí ọ̀dà náà bá ń ṣí fúnra rẹ̀. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ tó ṣì di ara mú ṣinṣin ni ìpìlẹ̀ tó dáa jù lọ tí o lè rí, ó ti di gbogbo ojú igi pa, kò ní mu ọ̀dà tuntun rẹ mọ́. Fi sándípépà nọ́ńbà 320 pa dídán rẹ̀, fi bọ́dì fílà dí ibi tó fọ́ (polyester ni bọ́dì fílà náà; bí ọ̀dà rẹ bá jẹ́ polyester, ẹbí kan náà ni wọ́n), rin ín kó tẹ́, fín púráímà, fín àwọ̀ tí o fẹ́. Ó parí.

Onígìtá_Aké
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ojú igi hàn nínú aró náà. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ bó o.

Káfíńtà_Ìta-Èkó
Igi wo? Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú nìyẹn. Gìtá tí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀dà tó ṣú bò, wọn kì í ṣa igi tó lẹ́wà fún un. Wọ́n lè lẹ pákó mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ojú wọn kò bára mu pọ̀, ọ̀dà á bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó sì lè jẹ́ páláwúùdù pàápàá. Gbé iná fóònù rẹ sínú ihò tí àwọn pickup (ohun tó ń gbé ìró okùn lọ sínú ẹ̀rọ) ń wọ̀, kí o wo ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀. Bí o bá rí ìpele lórí ìpele, dákẹ́, páláwúùdù ni, kùn ún bó ṣe wà. Bí igi náà bá funfun, tó rọ̀ débi pé èékánná ń wọ̀ ọ́, tí kò sì ní ojú tó ṣeé wò, basswood ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Igi náà kò burú fún ohùn, ṣùgbọ́n kò ní nǹkan tó máa fi hàn ọ́ bí o bá bó o. Ká ní ọ̀gánwó ni, tàbí igi ash tó ní ìlà gàdàgbà, mo lè gbà fún ọ.

Onígìtá_Aké
Mo ti wò ó. Ásítóònù kò ṣe é ní nǹkan kan. Inú ihò pickup funfun, kò ní ìlà, mo sì rí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ pákó pọ̀ ní ìlà méjì. Ọkàn mi bàjẹ́ díẹ̀. Àmọ́ ṣé kí n ṣì bó o?

Télọ̀_Kútọ̀
Èmi kì í ṣe onígìtá, gìtá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé mi dé ibí. Bí iná bá jẹ́ ìṣòro, ṣé áyọ́ọ̀nù eléèédú wa kò lè yọ ọ̀dà yẹn? Ó ń gbóná dáadáa o.

Etí_Gìtá
Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, rárá. Áyọ́ọ̀nù oníná lè ṣe é, àwọn kan ń lò ó lórí polyester, torí pé ẹ lè yí iná rẹ̀ sílẹ̀ sókè. Ti eléèédú kò ní ibi tí ẹ ti ń dín in kù, ẹ̀ta-iná sì ń já bọ́ láti inú rẹ̀. Ká ní lákà nitrocellulose ló wà lára gìtá náà ńkọ́? Nǹkan yẹn ń gbiná kíákíá. A kì í gbé heat gun, áyọ́ọ̀nù tàbí àbẹ́là sún mọ́ ọn rárá. Ìdí tí mo fi ní kó dán ásítóònù wò nìyẹn.

Ìwọ Onígìtá, ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré rẹ: èyí tí gbogbo ayé ń pè ní «I pass my neighbour» kò ju nǹkan bí 650 wáàtì lọ. Heat gun tó wọ́pọ̀ ń jẹ 1500 sí 2000. Kò lè gbé e. Dúró de iná ìjọba, tàbí kí o lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ńlá.

Bí o bá wá pinnu pé dandan ni kí o bó o, báyìí ni wọ́n ń ṣe é: ìta gbangba, ìbòmú lójú imú, máa mi ẹnu heat gun láìdúró lójú kan. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó fẹ̀ lẹ́yìn gìtá, má bẹ̀rẹ̀ létí. Ọ̀dà á rọ̀, á máa ru sókè. Ti ọ̀bẹ pọ́tì tí o ti rin igun rẹ̀ kó má mú bọ abẹ́ rẹ̀, kó sì máa ṣí ní páálí páálí. Mo ti rí polyester tó nípọn tó káàdì ATM lára gìtá olówó pọ́ọ́kú. Bí o bá dúró pẹ́ lójú kan, igi á jó dúdú, gọ́ọ̀mù tó lẹ pákó pọ̀ náà sì lè rọ̀. Tìrẹ yìí tó ní ojú ìlẹ̀mọ́ méjì, ó léwu ju ti ẹni tó ní pákó kan ṣoṣo lọ.

Afínmọ́tò_Lafẹ́nwá
Kí ẹnikẹ́ni má sì gbà á nímọ̀ràn pénítì rímúfà. Èyí tó lágbára, methylene chloride ló wà nínú rẹ̀. Amẹ́ríkà fòfin de títà á fún àwọn tó fẹ́ fi bó ọ̀dà nílé ní 2019, torí pé èéfín rẹ̀ ti pa àwọn ènìyàn, pàápàá nínú balùwẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ran polyester rárá. Ìyà méjì nìyẹn.

Kọ́síìkì sódà náà ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹnìkan fẹ́ sọ ọ́. Ó ń jẹ awọ ara, ó sì ń sọ igi bí ọ̀gánwó àti ìrókò di dúdú. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń se ọṣẹ.

Ọmọ_Aláró
Ó kù sọ́wọ́ mi, torí pé wọ́n ti pe aró Ìtòkú. Ilé aláró ni wọ́n bí mi sí, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: aró kì í ṣe ọ̀dà. Inú ìkòkò, aró náà kì í jẹ́ búlúù, àwọ̀ ewé tó ń lọ sí yẹ́lò ló máa ń wà. Ìgbà tí a bá fa aṣọ jáde tí afẹ́fẹ́ kàn án ló ń di búlúù, a ó sì tún rì í lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó ṣú. Igi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá ri ara gìtá sínú ìkòkò aró, omi á wọ inú igi, igi á wú, ojú ìlẹ̀mọ́ yẹn á ṣí, omi ìkòkò náà sì ní eérú tàbí sódà nínú, tó ti ń ta ọwọ́ tiwa gan-an. Gìtá á di igi ìdáná.

Ohun tí mo rò ni pé, kí ló dé tí o kò fi aṣọ náà sí i? Lẹ àdìrẹ mọ́ iwájú gìtá, kí o fi lákà tó mọ́ gaara bò ó.

BàbáJùjú
Ọmọ yìí gbọ́n. Kò sì jẹ́ tuntun. Fender fúnra rẹ̀ ta gìtá Telecaster tó ní pépà ògiri ara ilé lójú, ní 1968, pupa kan àti búlúù kan, òdòdó wà lára wọn. Àwọn olórin kan ń wá wọn kiri títí di òní. Bí pépà ògiri bá lè gun orí gìtá, àdìrẹ Ẹ̀gbá ńkọ́?

Onígìtá_Aké
Ẹ̀yin ènìyàn yìí! Mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ti Telecaster tẹ́ pẹrẹsẹ. Tèmi yìí ní ibi tí wọ́n ti gbẹ́ sílẹ̀ fún apá.

Ọmọ_Aláró
Gé aṣọ náà ní ìdágẹ̀rẹ́, láti igun sí igun, kì í ṣe ní òòró, àá rí ààyè fà á lórí ibi tó tẹ̀ yẹn, kò ní ká. Yan aṣọ tín-ín-rín. Aṣọ funfun onífọ́nrán wẹ́wẹ́ ló dáa, kì í ṣe èyí tó wúwo.

Ohun méjì tó ń ba iṣẹ́ báyìí jẹ́, ọwọ́ aṣọ ló ti ń wá. Èkíní, àdìrẹ tuntun sábà máa ń ní ẹ̀kọ tàbí sítáàṣì lára, pàápàá àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya iṣẹ́ sí kí wọ́n tó rì í. Bí ẹ̀kọ bá ṣì wà nínú òwú, gọ́ọ̀mù ò ní mú un. Fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí o há ẹ̀kọ rẹ̀ kúrò. Ìkejì, fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́. Bí aró bá ṣì ń ṣí, tínà inú lákà lè gbé e lọ sórí ibi funfun, gbogbo iṣẹ́ àwọ̀ náà á di búlúù kan náà. Tún fi òwú funfun tó tutù nù ún kí o tó lò ó, kí o rí i pé kò rí nǹkan mú.

Káfíńtà_Ìta-Èkó
Mo gba èyí ju bíbó lọ, ó sì tún yanjú ìbéèrè àkọ́kọ́: kò sí ìdí láti kan igi mọ́. Pa dídán ọ̀dà pupa rẹ́ pẹ̀lú 180, kí o fi 320 tẹ̀lé e. Lo búlọ́ọ̀kù lábẹ́ sándípépà, ìka ọwọ́ ń ṣe kòtò. Fílà sí ibi tó fọ́.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o, torí ó ń dá ènìyàn lójú rú: nígbà tí lákà bá wọ aṣọ, ibi funfun aṣọ náà á di gaara, á sì jẹ́ kí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn. Bí pupa bá ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, funfun àdìrẹ rẹ á di osùn. Fín púráímà funfun sójú iwájú kí aṣọ tó gun orí rẹ̀.

Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò ló dáa. Fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ tín-ín-rín, má jẹ́ kó kún. Gbé aṣọ lé e láti àárín, kí o máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ sí etí kí afẹ́fẹ́ jáde. Jẹ́ kó gbẹ dáadáa mọ́jú. Ní ọjọ́ kejì, fi ọ̀bẹ bíléèdì tuntun gé e yíká etí àti yíká àwọn ihò, kí o fi 220 rin etí aṣọ kó má dúró. Ibi ihò ọrùn? Aṣọ kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Ìpele tín-ín-rín níbẹ̀ tó láti gbé ọrùn sókè, kí okùn sún mọ́ ọn jù. Fi tépù ìbòjú dí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Onígìtá_Ìbàrà
Ẹ má bínú, mo fẹ́ ya díẹ̀. Bàbá mi tó ti lọ ló fi gìtá kan sílẹ̀, ó ń bá ẹgbẹ́ jùjú ṣeré láyé ìgbà náà. Ọ̀dà rẹ̀ ti là tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ káàkiri, ó ti rẹ̀. Ṣé kí n kàn bó tèmi náà, kí n sì kùn ún?

BàbáJùjú
Má ṣe bẹ́ẹ̀. Gìtá àtijọ́ tí ọ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ níye lórí ju èyí tí wọ́n ti bó lọ, ó sì jọ pé lákà àtijọ́ ló ń là báyẹn. Òjé sì lè wà nínú ọ̀dà àtijọ́, kò yẹ kí o máa rin ín kí o sì máa fa eruku rẹ̀ símú. Nù ún pẹ̀lú aṣọ rírọ̀ tó ní ọ̀rinrin díẹ̀, yí okùn rẹ̀ padà, má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá fẹ́ tà á lọ́jọ́ kan, mú un lọ síwájú ẹni tó mọ̀ ọ́n kí o tó dá nǹkan sí i.

Afínmọ́tò_Lafẹ́nwá
Ẹ padà sọ́dọ̀ mi. Ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn gìtá náà, kùn wọ́n ní búlúù ṣíṣú tó bá aró mu, kí ó tó kan lákà gaara. Fi tépù bo iwájú kí ó má ta sí aṣọ.

Lákà wo? Ọ̀nà méjì ló wà. 2K ti mọ́tò, èyí tí wọ́n ń po mọ́ ohun tó ń mú un le, ń gbẹ kíákíá, ó sì le. Àmọ́ isocyanate wà nínú ohun tó ń mú un le, ìbòmú eruku tó o ń rà ní kẹ́mísìtì kò dá a dúró rárá, ó lè sọ ènìyàn di alárùn ikọ́ fée. Má fín in lẹ́yìnkùlé. Gbé e lọ sọ́dọ̀ afínmọ́tò tó ní ìbòmú tó péye, sọ fún un pé kó fín ìpele tín-ín-rín, torí pé àwa máa ń fẹ́ fín in kí ó ki, bí ọkọ̀ bá wà nínú ọkàn wa.

Bí o bá fẹ́ ṣe é fúnra rẹ, lákà igi àti sanding sealer (ìpele ìsàlẹ̀ tó ń dí ojú ihò kéékèèké) tí àwọn onífọ́níṣọ̀ ń lò ló wà fún ọ. Sealer kọ́kọ́: ìpele tín-ín-rín, gbẹ, ìpele mìíràn. Irun aṣọ á dìde lẹ́yìn àkọ́kọ́. Fi 320 fọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á, bí o bá tẹ̀ ẹ́ jù ìwọ á gé aró, ibi funfun kékeré á yọ. Bá a lọ títí ìlà òwú á fi rì. Lákà á wá gun orí rẹ̀. Má ṣe da ẹ̀yà méjì pọ̀ láìdán an wò: tínà lákà lórí ọ̀dà ẹnámẹ́ẹ̀lì tí kò tíì le á mú un ká. Lẹ aṣọ kan náà mọ́ pákó àjẹkù, fín gbogbo ohun tí o fẹ́ lò sórí rẹ̀ ní títẹ̀léra kan náà, kí o tó kan gìtá.

Etí_Gìtá
Àsìkò ńkọ́? Òjò ń rọ̀ o.

Afínmọ́tò_Lafẹ́nwá
Ìbéèrè tó dáa. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, lákà á di funfun bí ó ti ń gbẹ, ìkuukùu á wà nínú rẹ̀. Tínà tó ń gbẹ kíákíá ló ń fà á: ó ń tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á sì dì sójú rẹ̀. Má fín lówùúrọ̀ kùtùkùtù, má fín ní alẹ́, má fín lẹ́yìn òjò. Ọ̀sán tí oòrùn ti jáde dáadáa, lábẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kì í ṣe nínú oòrùn fúnra rẹ̀. Bí ó bá funfun, má yára rin ín. Da retarder díẹ̀ (ohun tó ń mú kó pẹ́ gbẹ) sínú tínà, kí o fín ìpele tó tutù sórí rẹ̀, ó lè yọ́ padà. Ọyẹ́ gbẹ, ó dára fún lákà, àmọ́ eruku rẹ̀ ń gun orí ohun gbogbo. Wọ́n omi sílẹ̀ yíká kí o tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín méjèèjì, mo yan ìdáwọ́ òjò inú oṣù kẹjọ, bí ó bá wá lásìkò.

Igi kan ni kí o dè mọ́ ibi ihò ọrùn, kí o fi gbé gìtá náà kọ́, ìwọ á lè fín yípo láìfọwọ́ kàn án.

Onígìtá_Aké
Ẹ̀gbọ́n kan ní kí n kàn lo òróró linseed dípò gbogbo wàhálà yìí.

Káfíńtà_Ìta-Èkó
Lórí igi tó ṣí, ó dára, ó rọrùn. Lórí aṣọ àti polyester, rárá, kò níbi tó máa wọ̀. Àmọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó: àkísà tó ní òróró linseed lára, má ká a jọ sínú garawa ìdọ̀tí. Ó máa ń gbóná fúnra rẹ̀, ó sì lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Tẹ́ ẹ síta kó gbẹ, tàbí kí o rì í sínú omi.

Onígìtá_Aké
Ó yé mi. Mo máa ra aṣọ ní Ìtòkú ní Sátidé, màá sì dán an wò lórí pákó àkọ́kọ́. Ìgbà wo ni mo lè fi gìtá náà ṣeré?

Etí_Gìtá
Bí lákà nitrocellulose bá ni, fún un ní oṣù kan kí o tó dán an. Ó ń sún kì, pàápàá lórí aṣọ. Bí o bá yára, ìlà òwú á tún yọ lẹ́yìn tí o ti dán an tán. Lẹ́yìn oṣù yẹn, sándípépà 1000, 1500, 2000 pẹ̀lú omi tó ní ọṣẹ díẹ̀, lẹ́yìn náà pọ́líìṣì mọ́tò. Má jẹ́ kí omi wọ ihò síkúrúù. Ti 2K kò gba àkókò tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí o bá ń tò ó padà, fi ẹnu ọ̀bẹ rọra há ọ̀dà kúrò lẹ́nu ihò síkúrúù kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dà tó bá wà níbẹ̀ ni síkúrúù á gbá, lákà á sì là láti ibẹ̀. Fi àbẹ́là ra ara síkúrúù, á wọlé láìfipá. Dá wáyà ilẹ̀ padà síbi irin sípíríìnì. Kí o tó so okùn, fi mítà wò ó: ẹnu kan lára bridge, irin tí okùn gùn lára gìtá, ẹnu kejì lára etí òde jáàkì. Bí ó bá dún, so okùn rẹ.